Ìfé Inú Yìnyín

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò sì ní bínú sí yín. Èmi gan-an tí etí mi gbọ́ ọ, mo ṣì ń bá etí náà jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í parọ́. Èmi ni mo máa ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ nígbà mìíràn kó lè dùn. Eléyìí, mi ò bu nǹkan kan sí i.

Yìnyín ni mò ń ṣọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Lórí àwọn òkè kan tó ga gan-an, yìnyín máa ń bọ́ lọ́dọọdún tí kì í yọ́ tán. Ti ọdún yìí á gorí ti èṣí, ti èṣí á gorí ti ìdúnta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀, títí dé ọdún tí wọn ò tíì bí baba ńlá wa. Àwọn awayìnyín á gun òkè yẹn lọ. Wọ́n á ki irin oníhò bọ yìnyín náà, wọ́n á máa fà á jáde ní ọ̀pá-ọ̀pá. Àwọn ọ̀pá yẹn ni wọ́n ń kó wá sí yàrá òtútù tèmi.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, ó lè rí bí ojú ọjọ́ ṣe rí láyé àtijọ́ nínú rẹ̀. Eruku á sọ ọdún tí ọ̀dá dá. Omi rẹ̀ á sọ ọdún tó móoru àti ọdún tó tutù. Afẹ́fẹ́ ìgbà náà sì há sínú rẹ̀ ní hóró-hóró, bí ẹni pé wọ́n dé e mọ́nú ìgò.

Ọ̀gá mi ni dókítà tó ń kà á. Dókítà tí kì í gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Tó bá ti yíjú, Má-fọwọ́-kàn-án la máa ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó kí ènìyàn káàárọ̀. Èmi ka ìwé mẹ́wàá, mo dúró síbẹ̀. Wọ́n fún mi ní ayùn. Òun náà bá sọ mí ní Aláyùn.

Àṣà kan wà láàárín àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ọ̀pá yìnyín bá dé, a máa ń fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, torí pé irin àti ọwọ́ ti kàn án. Àfákù yẹn ò wúlò fún ẹ̀rọ tí Ọ̀gá fi ń kà á. Tó bá wá di àkókò ìsinmi, a á jù ú sínú ife omi, a á gbé etí sí i. Bó bá ṣe ń yọ́, afẹ́fẹ́ àtijọ́ á máa já jáde. Pẹ́. Pẹ́-pẹ́. Pẹ́. A máa ń sọ pé àwọn ará àtijọ́ ń rojọ́. Mo máa ń bu díẹ̀ sínú fúláàsì lọ fún ìyá mi nílé. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn awayìnyín. Ẹyẹ la máa ń pè é, nítorí ìfé. Kò sí ìgbà tí kì í súfèé. Ó ń wẹ̀, ó ń súfèé. Wọ́n ń bá a wí, ó ń súfèé. Bàbá wa tó ti kú ló kọ́ ọ ní ọ̀kan tó jẹ́ ti ilé wa nìkan. Iṣẹ́ alẹ́ ni Bàbá ń ṣe nígbà ayé ẹ̀, ìyá wa kì í sì í ṣílẹ̀kùn fún ohùn. Ó ní ẹnu kẹ́nu lè pe orúkọ ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó wà níta á sú ìdajì àkọ́kọ́. Ìyẹn máa ń gòkè ni, á wá dúró sókè bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tó wà nínú ilé á sú ìdajì kejì, èyí tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, á sì dìde wá ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá dáhùn ló ń ṣílẹ̀kùn. Òfin ilé wa nìyẹn.

Èmi nìkan ni ò lè sú u. Ètè mi ò gbà. Èmi máa ń kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà bí agbowó iná.

Èṣí, ìkùukùu bo àgọ́ wọn lórí òkè lọ́sàn-án gangan. Ẹyẹ jáde lọ wo irin tí wọ́n fi ń wa yìnyín. Kò jìnnà. Okùn wà láti ẹnu àgọ́ débẹ̀ tí ènìyàn á máa dì mú. Alásè àgọ́ wọn ló wá bá wa nílé nígbà tó yá, tó jókòó sórí etí àga, tó sọ ọ́ fún wa. Ó ní àwọn ń gbọ́ ìfé rẹ̀ nínú ìkùukùu. Á gòkè, á dúró. Á gòkè, á dúró. Àwọn rò pé ó ń ṣeré ni. Nígbà tó ṣe, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìsàlẹ̀ wá.

"Ìsàlẹ̀ òkè?" Mo bi í bẹ́ẹ̀.

Ó wo ojú ìyá mi kó tó dáhùn. "Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa."

Nígbà tí ìkùukùu ká, okùn wà níbẹ̀. Ẹyẹ ò sí. Yìnyín ò là níbì kankan. Kò sí ojú ẹsẹ̀ tó yà kúrò lọ́nà. Wọ́n wá a títí ó fi sú wọn.

Gbogbo ènìyàn ní kí ìyá mi gbà pé ọmọ ti lọ. Ó bi wọ́n léèrè: "Ṣé ẹ rí i?" Wọ́n ní rárá. Ó ní: "Ẹ jẹ́ kí n máa fetí sílẹ̀ nígbà náà." Láti ọjọ́ yẹn, kò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ó gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé, orí rẹ̀ ló ń sùn, kí ìfé má baà kọjá etí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé kí òun ṣì máa dúró, àbí kí òun lọ sùn.

Ọ̀pá tí Ẹyẹ fà jáde láàárọ̀ ọjọ́ tó sọnù yẹn ló gbẹ̀yìn. Wọ́n ti palẹ̀ àgọ́ mọ́. Yìnyín orí òkè náà ń yọ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó máa padà lọ wa òmíràn níbẹ̀ mọ́. Ó pẹ́ kó tó kan ọ̀pá yìí. Ọjọ́ tí mo gbé e sórí tábìlì, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fa ọ̀pá jáde gbọ́dọ̀ ya ọfà tó kọjú sókè sí i lára, kí a lè mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e délẹ̀ ní ìdàkejì, ọdún á dojú dé, ọmọ á wá ṣáájú bàbá. Ẹyẹ nìkan ló máa ń ya ìyẹ́ sí ìdí ọfà tirẹ̀.

Mo wo ìyẹ́ náà. Lẹ́yìn náà mo fá ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá yẹn bí mo ṣe ń fá ti gbogbo wọn. Mo bu àfákù rẹ̀ sínú fúláàsì. Mo ní kí ìyá mi rí ohun tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kàn gbẹ̀yìn.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí mo délé. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Agbowó iná, a ò ní owó o."

"Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn jàre. Àwọn àlejò yín wà lọ́wọ́ mi."

Ó ṣí i. Mo sọ ibi tí yìnyín náà ti wá fún un. Ó nu ife kan pẹ̀lú etí ìró rẹ̀, ó bu omi sí i, ó da yìnyín sínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará àtijọ́. Ẹ kú ìrìn. Kí lẹ rí lọ́nà?"

Pẹ́. Pẹ́-pẹ́. Pẹ́.

Ó dákẹ́.

Yìnyín kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rojọ́ títí tó fi máa yọ́ tán. Mo tẹ̀ síwájú láti wò ó. Ó ṣì wà nínú omi, ó ń léfòó, kò mira.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ. Ó tín-ín-rín. Bí ẹ̀fọn tó jìnnà. Ó gòkè, ó gòkè, ó dúró sókè bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ti dìde. Kò wo ife. Bó ṣe ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà ló ń sú ìdajì kejì, ohùn náà ò já gaara. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Kò sí ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀nà wà níbẹ̀, ògiri ilé kejì wà níbẹ̀, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ò mì rárá. Kò sí atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n òtútù wọlé. Mo mọ òtútù yẹn. Ojoojúmọ́ là ń jọ wà. Òtútù yàrá tí mò ń ṣọ́ ni.

"Ó dà?" ìyá mi bi ìta.

"Màámi. Inú ife ló ti wá."

Ó yíjú. "Ife wo?"

Mo nawọ́ sí i. Yìnyín ti yọ́ tán. Omi lásán ló kù. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ṣé ìwọ lo súfèé ni?"

"Èmi kẹ̀?"

Ó fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rín in nínú wa. Ó padà sórí àga rẹ̀, ó sì jókòó bí ẹni tí wọ́n pè tí wọn ò sọ ohun tí wọ́n pè é fún.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, Má-fọwọ́-kàn-án ti ń dúró dè mí lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò kí mi. Kò sì ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí.

"Aláyùn, ṣé o mí sí yìnyín yìí?"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo máa ń mí o. Ó ti mọ́ mi lára láti kékeré."

"Mi ò bá ẹ ṣeré."

Ó fi kọ̀ǹpútà hàn mí. Àwọn ìlà ń lọ sókè, wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Òun ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní afẹ́fẹ́ tó há sínú ọ̀pá Ẹyẹ kì í ṣe afẹ́fẹ́ orí òkè. Èémí ni.

"Irú èémí wo, Ọ̀gá?"

"Èémí ènìyàn. Bí ìgbà tí ẹnì kan fẹnu fẹ́ ẹ sínú bàlúùnù."

Ó ní ó lè jẹ́ pé ọ̀pá náà sán lójú ọ̀nà, tí èémí àwa òṣìṣẹ́ sì ráyè wọ inú rẹ̀. A tún un ṣe. A fi aṣọ bo ẹnu àti imú bí ẹni tó fẹ́ jalè. Mo gé èyí tó wà láàárín gbùngbùn, níbi tí ohunkóhun ò lè dé. Ó tì í sínú ẹ̀rọ. A dúró. Èémí ni. Ó wá wo eruku rẹ̀, ó wo omi rẹ̀. Ìyẹn ò lárùn kankan. Ó ní yìnyín yẹn ti dì kí wọ́n tó tẹ ìlú tí a wà yìí dó.

"Ta ló wá ń mí níbẹ̀ nígbà náà?"

Ó gbé ọ̀pá náà, ó gbé èyí tí wọ́n fà jáde ṣáájú rẹ̀. Ẹnu ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, bí àwo tó fọ́ sí méjì. Ó gbé wọn pọ̀ bí ọfà ṣe wí. Wọn ò bára mu. Ó yí ti Ẹyẹ padà, ìdí sókè, orí nílẹ̀. Ó wọlé wẹ́kú.

"Àbúrò ẹ ya ọfà yìí sódì."

"Ẹyẹ kì í ya ọfà sódì, Ọ̀gá. Ó lè fi bàtà ọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì, ṣùgbọ́n kì í ya ọfà sódì."

"Mo mọ̀." Ó ń wo ìyẹ́ náà. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ó dà bíi pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló yà á."

Mo wá sọ ti ife fún un. Mo rò pé á lé mi jáde. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní èyí tó kù nínú ọ̀pá náà ò gùn ju apá òun lọ. Bí òun bá yọ́ ọ nínú ẹ̀rọ, a lè mọ̀ sí i. Bí òun bá sì yọ́ ọ, ó tán nìyẹn, kò sí òmíràn láyé.

"Kí la máa mọ̀, Ọ̀gá?"

"Mi ò mọ̀."

Láti ìgbà tí mo ti mọ obìnrin yẹn, mi ò gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó tún fi kún un pé: "Mú Màmá wá."

A wọ ìyá mi ní kóòtù òtútù. Ó bò ó dé kókósẹ̀. A ki ọwọ́ rẹ̀ bọ ìbọ̀wọ́, a dé e ní fìlà dé etí.

"Ẹ ti sọ mí di mátírẹ́ẹ̀sì." Ó wo yàrá òtútù yí ká. "Ibí lo ti ń ṣiṣẹ́? Abájọ tí o fi máa ń jẹun bí ẹni tó ti ogun dé."

Ọ̀gá pa ẹ̀rọ òtútù fúngbà díẹ̀. Ẹ ò tíì mọ ìdákẹ́jẹ́ títí tí wọ́n á fi pa ẹ̀rọ yẹn. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Mo ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn létí ara mi.

Ìyá mi bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé yìnyín náà. Ọ̀gá ya ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ, ó tún pa á dé.

"Ó tutù," ni ìyá mi sọ. Lẹ́yìn náà ó ní: "Kò tutù tó bẹ́ẹ̀."

A dúró. Kò sí nǹkan kan. Yìnyín tí kò yọ́ kì í dún, gbogbo wa ló mọ ìyẹn. Ìyá mi fi ìka wá ìyẹ́ ìdí ọfà náà kàn. Ó ronú.

"Ó sú tirẹ̀ nílé lọ́jọ́ yẹn. Mo dáhùn. Mo ṣílẹ̀kùn, kò wọlé." Kò jọ pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, kò sì jọ pé Ọ̀gá ni. "Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe òun ló wà níta."

Ó tẹ̀ ba, ó sì sú ìdajì àkọ́kọ́.

Èmi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí láyé mi. Inú ilé lòun máa ń wà, ìdajì kejì ni tirẹ̀. Ohùn náà gòkè. Èéfín ẹnu rẹ̀ bá a gòkè. Àwọn méjèèjì dúró lófuurufú, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Yìnyín dáhùn.

Kò tín-ín-rín bíi ti ọjọ́sí. Ó já gaara. Ìdajì kejì ni, ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, láìkánjú, bí ẹni tó wà ní ìjókòó tó gbọ́ ìró ará ilé lẹ́nu ọ̀nà. Ó parí síbi tó yẹ kó parí sí. Lẹ́yìn náà, ohun kan dún ní jíjìn, jìnnà-jìnnà, bí ẹsẹ̀ àga tí wọ́n fà sẹ́yìn lórí ilẹ̀.

Ọ̀gá di apá mi mú. Èékánná rẹ̀ la kóòtù já.

"Ẹ gbọ́?" ìyá mi bi wá.

"A gbọ́, Mà," Ọ̀gá dáhùn.

"Ó wà nílé."

"Ilé wo, Màámi?" mo bi í. "Ilé wo?"

Ó wo ilẹ̀kùn irin yàrá òtútù, ó wo yìnyín, ó tún wo ilẹ̀kùn. Èmi náà ń wò ó. Ó wà ní títì bí mo ṣe tì í. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ egungun mi, ó sì ṣe mí bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta láti ìgbà tó ti pẹ́ tí kò mọ̀. Ìyá mi fa àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó ká ìró rẹ̀ jọ lábẹ́ kóòtù, ó jókòó bí àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà onílé.

Ọ̀gá ò yọ́ ọ̀pá náà. Àwọn tó ń bi í léèrè pé kí ló dé, ó ní ó ti bàjẹ́. Mo ti ní kì í parọ́. Mo gbà pé ó fi ẹyọ kan yìí kún un.

Ìyá mi ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló ti gbé àga kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi í pé ṣé kò dúró de Ẹyẹ mọ́ ni. Ó ní: "Mo ti súfèé tèmi, ó ti dáhùn. Òun ló kù tó máa wá ṣí i." Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó sùn lọ. Èmi ni ò sùn.

Ọ̀pá náà wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, nínú ọ̀rá rẹ̀, bí Ẹyẹ ṣe fẹ́ kó wà, ọfà sókè. Inú ọ̀rá náà máa ń rí kùrukùru, á mọ́, á tún rí kùrukùru. Tí Ọ̀gá bá pa ẹ̀rọ òtútù, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo máa ń gbé etí lé e. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹnì kan ń rìn bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ bó ṣe ń bọ̀.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà.